Bí mo ṣe fi ìtọ́jú ba kẹ̀kẹ́ méjì jẹ́

Ọ̀rá ló kọ́kọ́ kó bá mi. Ẹ mọ ọ̀rá tó máa ń wà lára nǹkan tuntun, èyí tí àwa ará Èkó kì í fẹ́ já kúrò lára àga, lára fíríìjì, àní lára rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí mo ra kẹ̀kẹ́ ológeere mi lọ́dún 2016, ọ̀rá wà lára irin rẹ̀ láti orí dé ìdí, mo sì pinnu pé kò sẹ́ni tó máa já a. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ìka kàn án, mo gbá a lọ́wọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà yẹn. Ó ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama báyìí, bó bá sì rí mi lórí kẹ̀kẹ́, á ní, "Àǹkù, ṣé mo lè fọwọ́ kàn án lónìí?" Gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan fi fọ́tò kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ránṣẹ́ sí mi, ó ní òun fẹ́ gbé e lọ bá pẹ́ńtà kó lè dà bíi tuntun. Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Mi ò kí i, mi ò béèrè ọmọ, mo kàn ní, "Jọ̀ọ́, má tíì gbé e kúrò nílé." Nígbà tí mo rojọ́ tán, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Òun nìyí.

Láfíàjí ni mò ń gbé nígbà tí mo ra tèmi. Èésú oṣù méje ni mo fi rà á. Ó ní gíà mọ́kànlélógún, ọ̀dà rẹ̀ sì ń kọ mànà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ń gùn ún, ìyẹn tí ilẹ̀ bá gbẹ. Bí òjò bá ṣú, mi ò ní gùn ún. Bí ọyẹ́ bá dé, mo ní eruku pọ̀. Tí mo bá sì gùn ún dé, ìdajì wákàtí ni mo fi ń nu ọ̀rá. Ọ̀rá ni mo wí o, mi ò débi irin. Nígbà tó yá, bí mo bá ti rò ó pé mo máa nù ún tí mo bá dé, ara mi á kọ̀ ọ́, mi ò ní jáde mọ́. Mo ra tàpólì, mo dì í pinpin, mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti ń fẹ́ wọlé.

Ẹni tó bá ti gbé Àílàǹdì rí mọ ohun tí afẹ́fẹ́ yẹn ń ṣe. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìṣó tuntun tí ẹ kàn mọ́ fèrèsé, kó tó pé ọdún kan, ó ti ń sun omi pupa sára ògiri. Mo mọ èyí. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ògiri náà. Kò kàn wá sí mi lọ́kàn pé irin kan náà ni kẹ̀kẹ́.

Ní 2018 ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sú mi, mo ní ó yá, kí n máa gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Mo tú tàpólì. Lábẹ́ ọ̀rá, ìpáàrà ti la ọ̀nà tóóró tóóró bí ọ̀nà ikán lára ògiri. Ṣéènì ti le gbagidi, ẹ gbé e sókè kó dúró bí ọ̀pá.

Bàbá atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan wà ní Oyíngbò nígbà náà, lábẹ́ agbòjò ńlá kan tí oòrùn ti jẹ ní àwọ̀. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, tàpólì ṣì wà lára rẹ̀ lápá kan. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí.

"Ta ló kú?"

"Sà?"

"Mo ní ta ló kú, tó o fi wé e báyìí?"

Wọ́n fi èékánná ṣí ọ̀rá lẹ́nu ibì kan, wọ́n fà á. Ọ̀dà tẹ̀lé ọ̀rá wá, ìpáàrà tẹ̀lé ọ̀dà. Omi tó wọ abẹ́ ọ̀rá yẹn kò rí ọ̀nà jáde; ibẹ̀ ló jókòó sí, òun àti iyọ̀, fún ọdún méjì. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ táyà, ó la bí àtẹ́lẹsẹ̀ ìgbà ọyẹ́. Mo ní, "Bàbá, táyà yìí ò tíì rìn rárá."

Wọ́n ní, "Ìyẹn náà ló pa á."

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe táyà máa ń po nǹkan bí ìda mọ́ rọ́bà. Yíyí tí táyà ń yí, tó ń tẹ̀ tó ń nà, ló ń fa ìda náà wá sójú láti dáàbò bò ó. Èyí tó bá dúró sójú kan, ojú rẹ̀ á gbẹ, á sì la.

Ọ̀pá ìjókòó ló wá parí ọ̀rọ̀. Aluminíọ̀mù ni ọ̀pá náà, irin ni ihò tó wọ̀, kò sí gírísì kankan láàárín wọn. Irú wọn kì í gbé pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kí wọ́n má lẹ̀ mọ́ra. Bàbá da ọ́ìlì sí i, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ki páìpù bọ ìdí sípánà kó lè gùn sí i, wọ́n gbé gbogbo ara lé e. Ọ̀pá lọ́, kò yọ. Wọ́n fi ayùn irin gé e, ayùn sì gé fírémù mọ́ ọn. Ká ní mo ti ń fà á yọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí n fi ìka kan gírísì pa á, kí n dá a padà, gbogbo èyí ò bá má ṣẹlẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Nígbà tí a ṣírò ohun tí a máa rà, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti kẹ̀kẹ́ tuntun. Oníkóńdẹ́ẹ̀mù tó ń pariwo kiri àdúgbò ló rà á níkẹyìn. Ó gbé e kọ́ òṣùwọ̀n. Kẹ̀kẹ́ tí mi ò jẹ́ kí ọmọ ọdún márùn-ún fọwọ́ kàn, mo tà á ní ìwọ̀n kílò.

Ẹ má tíì rò pé mo gbọ́n lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìpáàrà ni ọ̀tá mi. Ọgbọ́n tó kù díẹ̀ káàtó nìyẹn, bàbá mi ló sì jìyà rẹ̀, wọ́n ti kú nígbà náà.

Rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́, láti 1966 títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2001. Kẹ̀kẹ́ Raleigh dúdú ni wọ́n ń gùn, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: táyà ńlá oní-íńṣì 28, bíréèkì tí ọ̀pá irin ń fà dípò wáyà, àmì orí ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn níwájú. Sátidé-Sátidé ni wọ́n ń nù ún. Wọn ò fi omi fọ̀ ọ́ rí, wọn ò fi Omo kàn án. Àkísà kan wà nínú agolo mílíìkì tí wọ́n ti rẹ sínú ọ́ìlì. Òun ni wọ́n fi ń nù ún láti òkè délẹ̀. Wọ́n á kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kékeré tó wà lára họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ìyẹn irin àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n á fi òrí ra awọ ìjókòó, òrí tí Màmá fi ń para náà ni. Ó tán. Mi ò rí i rí kí wọ́n gbìyànjú láti jẹ́ kó dán, síbẹ̀ ó dán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí nígbà tí mo lọ gbé e ní 2019, torí pé ibòmíràn ò sí tó ti wà mọ́ àfi níbí. Lórí ọ̀pá òkè, níbi tí itan wọn ń gbà kọjá bí wọ́n bá ń gùn ún, ọ̀dà ti ká kúrò ní nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́, irin ibẹ̀ sì ń dán bí ẹ̀rúkọ́ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Rọ́bà ọwọ́ ọ̀tún ti jẹ tán. Wọ́n gé túùbù àlòkù tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi wé e, ìka wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti wọnú túùbù náà. Okùn tí wọ́n fi ń di fúláàsì oúnjẹ mọ́ káríà ti gé ojú ọ̀nà méjì sínú ọ̀dà. Lára ọ̀pá tó dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, àpá wínníwínní wà níbẹ̀, bíi pé adìyẹ ha á. Èmi ni adìyẹ náà. Orí ọ̀pá òkè ni mo máa ń jókòó lé, lórí aṣọ tí wọ́n ká, tí wọ́n bá ń gbé mi lọ síléèwé, irin bàtà mi ló sì ń họ ọ̀pá ìsàlẹ̀ láti ilé títí dé ẹnu géètì.

Gbogbo èyí ni mo gbé lọ bá pẹ́ńtà mọ́tò kan ní Múṣín, mo ní kó ha á dé irin.

Ó mọṣẹ́ o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ha á mọ́ tónítóní, ó kùn ún ní pupa. Èmi fúnra mi ni mo fi sáńpépà bó ìpáàrà kúrò lára rímù àti ọwọ́ rẹ̀, iṣẹ́ òmùgọ̀ kejì nìyẹn. Króòmù, ìyẹn ohun tó ń dán tí wọ́n fi bo ojú irin, fẹ́lẹ́ gan-an, sáńpépà sì gé e kọjá. Kí oṣù kan tó pé, ìpáàrà ti padà wá, ó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Dípò sáńpépà, pépà fọ́ìlì tí wọ́n fi ń we ẹja yíyan ni ẹ ó rún, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ fi ra á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó rọ̀ ju króòmù lọ, nítorí náà kì í họ ọ́, ìpáàrà ló ń mú. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ́ìlì nù ún. Ìyókù tí kò bá lọ, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Mo tún gbé ìjókòó fún oníṣẹ́ síìtì, ó fi fóòmù lé orí awọ, ó fi rẹ́síìnì dúdú, aṣọ oníke tó jọ awọ, bò ó. Mo wá gùn ún lọ bá Màmá ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, inú mi ń dùn bí ọmọ tó gba ipò kìíní.

Wọ́n jáde sí ẹnu ọ̀nà.

"Àkànbí, kẹ̀kẹ́ ta nìyí?"

"Ti Bàbá ni, Màmá."

"Bàbá wo?"

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ tọ́ ọ̀pá ìsàlẹ̀ láti òkè wá.

"Ibi tí bàtà rẹ ń họ ńkọ́?"

"Mo ti kùn ún, mà."

"O ti kùn ún."

Wọ́n ní ẹ̀wà wà lórí iná, wọ́n wọlé. Wọn ò bá mi jà. Títí di òní, wọn ò tíì bá mi jà lórí rẹ̀.

Mo rántí ère ìbejì kan tí mo rí nílé àwọn ìyá bàbá mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ojú rẹ̀ àti imú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán, wíwẹ̀ tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń fi osùn pa á, tí wọ́n ń fún un lóúnjẹ lẹ́nu ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé e tọ agbẹ́gilére lọ pé kó bá òun gbẹ́ imú tuntun sí i.

Ohun kan ṣoṣo ló bọ́ lọ́wọ́ pẹ́ńtà. Gírísì àti ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ ti bo họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, pẹ́ńtà fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mò ń nù ún, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára irin: Sturmey-Archer, lẹ́yìn náà AW, lẹ́yìn náà 66, lẹ́yìn náà 3. Bàbá Oyíngbò ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi, pé Sturmey-Archer ni ilé iṣẹ́ tó ṣe họ́ọ̀bù náà, AW ni irú rẹ̀, pé ọdún àti oṣù tí wọ́n ṣe họ́ọ̀bù náà ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí i. Oṣù kẹta 1966. Ọdún tí bàbá mi wọ iṣẹ́ Rélùwéè. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ́ìlì níbẹ̀, mi ò dìde fún ìgbà díẹ̀.

Ìwà mi wá yí padà pátápátá, àyípadà náà sì tún ré kọjá ààlà. Mo sọ ọ́ di òfin pé mi ò ní pààrọ̀ ohunkóhun mọ́ lára kẹ̀kẹ́ Bàbá. Ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn, kò ní kúrò. Bàbá Oyíngbò wo rọ́bà bíréèkì, wọ́n ní kí n pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní kò jẹ rárá, ẹ wò ó bó ṣe nípọn. Wọ́n ní kí n fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, kò wọlé. Mo ní ó ṣì lágbára nìyẹn. Wọ́n kàn wò mí.

Lọ́jọ́ kan ní 2021, òjò ń rọ̀ winniwinni, mò ń sọ̀kalẹ̀ láti orí Afárá Carter sí Ìdúmọ̀tà. Dáńfó kan níwájú mi dúró lójijì láti gbé èrò. Mo fa bíréèkì. Kẹ̀kẹ́ ń lọ. Mo fà á títí ọ̀pá rẹ̀ fi kan ọwọ́, kẹ̀kẹ́ ń lọ. Mo yà fún dáńfó, mo wọ àárín àtẹ ọsàn ìyá kan.

"Ṣé o ò ní bíréèkì ni?"

"Mo ní, mà."

"O ní bíréèkì!"

Mo sanwó ọsàn, èyí tí mọ́tò tẹ̀ àti èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò bá mi ṣà lọ sílé ara wọn. Ìgúnpá mi bó, ìka mi kan yẹ̀. Rọ́bà náà ti gbẹ láti àìmọye ọdún, ó ti le bí kóró iyeyè. Irú rẹ̀ kì í di rímù mú, gbígbá ló ń gbá a. Rímù sì rèé, irin alákróòmù ni, bí omi bá ti kàn án, yíyọ̀ ló kù. Mo ti fi rọ́bà tuntun sí i, síbẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀, láti òkèèrè ni mo ti ń fa bíréèkì díẹ̀díẹ̀ kí omi lè kọ́kọ́ kúrò lára rímù.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti pín kẹ̀kẹ́ sí méjì lọ́kàn mi: ibi tí ara mi ń kàn, àti ibi tí ẹ̀mí mi so rọ̀ sí. Ọ̀dà tó ká, ọwọ́ tó dán, awọ tó tẹ̀, kí wọ́n máa jẹ lọ. Ṣùgbọ́n rọ́bà bíréèkì, táyà tí òwú rẹ̀ ti ń yọ, píìnì tó di pẹ́dàlì mú, mi ò kí wọ́n pé ẹ kú àtijọ́ mọ́, yíyọ ni mò ń yọ wọ́n. Ṣéènì náà wà lára wọn, kò sì ṣeé fojú mọ̀. Rúlà ni mo fi ń wọ̀n ọ́n: mo fi àárín píìnì kan sórí ìlà òdo, píìnì míì gbọ́dọ̀ bọ́ sórí íńṣì 12 gẹ́lẹ́. Bó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún íńṣì kọjá ibẹ̀, ó ti ń jẹ eyín gíà nìyẹn, tí ẹ bá sì fi í sílẹ̀, méjèèjì lẹ máa rà.

Ẹnì kan ti bi mí rí bí òun ṣe lè fi iyọ̀ àti fínígà sọ kẹ̀kẹ́ tuntun di àtijọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó lè gbayì nínú fọ́tò. Mo ní kó ra èyí tó máa gbé e lọ sí ibi iṣẹ́, kó máa gùn ún. Kò dá mi lóhùn. Ní ti ẹni tó bá ní èyí tí ẹnikẹ́ni kò gùn rí láti ayébáyé, mi ò ní kó bọ́ ọ sójú títì; ó dára kí a rí bí ó ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Àmọ́ kó má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Láfíàjí. Kó já ọ̀rá lára rẹ̀, kó máa fún un ní ọ́ìlì, kó máa yí ẹsẹ̀ rẹ̀ lóṣooṣù.

Ìjókòó ló kù. Fóòmù tí oníṣẹ́ síìtì fi sí i a máa fa omi mu bíi kànrìnkàn. Òjò á dá láàárọ̀, ìdí ṣòkòtò mi á ṣì tutù títí di ọ̀sán. Nígbà tó sú mi ní ọdún tó kọjá, mo fi ọ̀bẹ ya rẹ́síìnì, mo fa fóòmù jáde. Awọ Bàbá wà nísàlẹ̀. Ìṣó ti lu ihò yí i ká, gúlúù ti dì mọ́ ọn ní apá kan, ṣùgbọ́n ibi méjì tí wọ́n ti jókòó sí jìn síbẹ̀, ti ọ̀tún jìn ju ti òsì lọ. Mo gbé e lọ bá Màmá láì sọ nǹkan kan. Wọ́n gbé e lé orí itan, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibi ọ̀tún.

Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ òsì ló ń dùn wọ́n. Wọn kì í jókòó dọ́gba."

Mi ò mọ̀ ọ́n rí pé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Màmá ní kí n bá àwọn mú òrí wá nínú yàrá, wọ́n mú ìwọ̀n díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra á láti ẹ̀gbẹ́ lọ sáàárín. Bí mo ṣe fẹ́ bu kún un, wọ́n gbá mi lọ́wọ́. Wọ́n ní tó bá pọ̀ jù, awọ á rọ̀, á rún.